Fídíò Dúródọlá Lára Ògiri Ṣọ́ọ̀ṣì

Gbogbo ẹni tó bá mọ̀ mí ló mọ̀ pé mi ò ní sùúrù. Bí oníbàárà bá ní kí n tún ọrùn sùtánà ṣe lẹ́ẹ̀mejì, mo lè ju aṣọ náà lù ú lójú. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ láàpútọ́ọ̀pù àbúrò mi, oṣù méjì gbáko ni mo fi ṣe sùúrù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa òwe sùúrù kankan fún mi. Mo mọ gbogbo wọn.

Ìkirè la ti wá sí Ajah, èmi, Dúródọlá àbúrò mi, àti ìyá wa. Èmi ń rán aṣọ lẹ́yìn ẹ́sítéètì Abraham Adésànyà, aṣọ funfun ìjọ wa ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi. Dúródọlá ń ṣe bíríkìlà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí. Ó ra láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan, ó ní òun ò ní fi gbogbo ayé òun mọ ilé tí ẹlòmíì yà sórí ìwé, òun náà á kọ́ bí wọ́n ṣe ń yà á. Àárín símẹ́ǹtì ló máa ń gbé nǹkan ọ̀hún sí. Lọ́dún tó kọjá, ó jábọ́ láti àjà kẹta ilé kan tí wọn ò tíì bò. Kò dé ọsibítù. Wọ́n ti parí ilé náà báyìí, àwọn èèyàn sì ti ń gbé inú ẹ̀.

Inú láàpútọ́ọ̀pù yẹn ni fídíò kan wà tí Dúródọlá fi ya ara rẹ̀. Ojú iṣẹ́ ló wà, akoto orí rẹ̀ ń yọ̀ bọ̀ sílẹ̀, ó ń kí ìyá wa kú oríire ọjọ́ ìbí, ó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀bà tí wọ́n ń tẹ̀ le ju búlọ́ọ̀kù tí òun ń tò lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni. Kò ráyè fi ránṣẹ́ kí ikú tó dé.

Mo gbé láàpútọ́ọ̀pù náà lọ bá Bùsàrí tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ìdajì ojú ẹ̀ ti dúdú. Ihò tí wọ́n ń ki wáyà pírójẹ́tọ̀ bọ̀ ti dí pátápátá fún símẹ́ǹtì. A gbìyànjú láti da ohun tó wà nínú ẹ̀ kọ sórí fláàṣì, àwọn fọ́tò àbúrò mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan lójú wa. Bùsàrí fa fláàṣì náà yọ kíá.

Ó ní, "Àǹtí, díìsì ẹ̀ ti ń kú lọ. Ẹ má copy nǹkan kan mọ́ o. Fídíò yẹn, tí ẹ bá máa wò ó, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan. Mi ò promise yín ẹlẹ́ẹ̀kejì."

Lẹ́ẹ̀kan. Ojú ìyá mi sì ti ń lọ nígbà náà. Àìsàn ọ̀hún kì í dunni, ó kàn ń jí ìríran díẹ̀díẹ̀ ni. Wọn ò lè rí ohun tó wà nínú fóònù mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní bí nǹkan bá tóbi tó sì ń tàn, àwọn ṣì ń rí i. Ọkàn mi bá lọ sí pírójẹ́tọ̀ tí wọ́n fi ń gbé orin sára ògiri ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo búra pé ojú ìyá mi ò ní kú tán kí wọ́n tó rí ọmọ wọn, gàgàrà, láti ilẹ̀ dé òrùlé.

Mákánjúọlá ló ń tọ́jú pírójẹ́tọ̀ náà, káfíńtà ni, ẹgbẹ́ mi. Ó ní wáyà kọ́ ni dandan, pé kinní kékeré kan wà lẹ́yìn pírójẹ́tọ̀ tó ń gba àwòrán láti ọwọ́ láàpútọ́ọ̀pù bí ẹní gba ìpè. Àwa méjèèjì jìyà lórí ẹ̀. Láàpútọ́ọ̀pù ọ̀hún ti gbó, kò kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń bi í. Gbogbo ọjọ́ Wẹsidé ni mo ń gbé e lọ sọ́dọ̀ Bùsàrí, ó ń fi èyí sí i, ó ń yọ tọ̀hún, kí n tó gbé e padà lọ bá Mákánjúọlá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó yá, ojú láàpútọ́ọ̀pù náà hàn lára ògiri, láìsí wáyà, ó funfun báláú. A ò ṣí fídíò náà o, a ò jẹ́ dán an wò. Mo kúnlẹ̀ mo kọrin. A dá a sí ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ ìsìn ìrántí ọdún kan.

Àárọ̀ Furaidé, nǹkan oṣù mi dé.

Nínú ìjọ wa, obìnrin tó bá wà nínú èyí kì í wọ ilé àdúrà títí ọjọ́ rẹ̀ á fi pé, tí wọ́n á sì yà á sí mímọ́. Inú ẹ̀ la bí mi sí, mi ò lè bá a jà. Mákánjúọlá ní kí n gbé láàpútọ́ọ̀pù náà fún òun kí òun gbé e wọlé. Mo ní rárá. Bí èèyàn ò bá fi ọwọ́ ti ẹ̀yìn ojú ẹ̀ síbì kan, ṣe ló máa kú, ọwọ́ mi nìkan ló sì mọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo wí. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kan àbúrò mi.

Wọ́n gbé àga fún mi síta, lábẹ́ fèrèsé. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn èèyàn lọ jẹun. Ìyá mi nìkan ló jókòó sínú, ẹ̀yìn wọn ni mò ń rí láàárín irin fèrèsé. Mákánjúọlá ta kọ́tìnnì kí ìmọ́lẹ̀ má bàa wọlé, ó ku àlàfo kékeré kan tí mo fi ń rí ẹ̀yìn wọn, mi ò rí ògiri. Ó tan pírójẹ́tọ̀.

Ó ní, "Sísítà, tó bá ti kọ connected, ó ti wọlé nìyẹn. Ohùn ò ní bá a lọ o, ọ̀dọ̀ yín ló ti máa dún. Ẹ jẹ́ kí n lọ da epo sí jẹnẹrétọ̀ kó má lọ kú."

Láàpútọ́ọ̀pù kọ ọ́. Mo tẹ fídíò náà.

Ohùn Dúródọlá jáde. Ìyá mi gbé orí sókè. Nígbà tó dé ibi ẹ̀bà, wọ́n rẹ́rìn-ín, èjìká wọn ń mì. Èmi ti ń sunkún.

Nígbà tó parí, mo pè wọ́n. "Mọ́mì, ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i, ọmọ mi. Mo rí i dáadáa. Ó ti sanra díẹ̀."

Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò bìkítà nígbà tí láàpútọ́ọ̀pù náà dún kẹ́kẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin tó sì kú sí mi lọ́wọ́. Iṣẹ́ ẹ̀ ti parí.

Mákánjúọlá padà dé, ó yọjú wo inú, ó wá bá mi. "Sísítà, kí ló dé tí ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀?"

"A ti parí."

"Ẹ parí kí ni? Búlúù lásán ló wà lára ògiri. Ó jọ pé ó wọlé, ó tún já, ògiri tó wà láàárín ẹ̀yin àti pírójẹ́tọ̀ ò jẹ́ kó gbà."

Mo pè é ní òpùrọ́, mo pè é ní oníyẹ̀yẹ́. Ó fa kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún mi. Búlúù ni lóòótọ́, ó kún ògiri láti òkè délẹ̀, ó ń tàn yòò sójú ìyá mi, wọ́n sì jókòó síwájú ẹ̀ láìṣẹ́jú.

Mo ní, "Mọ́mì, kí lẹ̀ ń rí lára ògiri báyìí?"

"Ṣé wọ́n ti pa á ni?"

Mákánjúọlá wo ilẹ̀, ó sì kúrò níbẹ̀.

Ìyá mi ní, "Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Ṣèyílọ́lá. Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ilẹ̀ ò mọ́ mọ́. Yàrá kan la ní, mo mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà."

"Ẹ ò sì sọ fún mi?"

"O ti ń sáré kiri lórí nǹkan yẹn. Látìgbà tí àbúrò ẹ ti kú, ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ tó o kọrin nídìí máṣínì. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?"

Wọ́n dìde, wọ́n fọwọ́ wá ọ̀nà títí dé ìdí fèrèsé. Ọwọ́ wọn gba àárín irin jáde, ó ń wá orí mi nínú afẹ́fẹ́. Mi ò lè wọlé lọ bá wọn. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé orí mi síbi tí ọwọ́ náà wà, ó sì dun mí dé egungun.

Wọ́n ní, "Má sunkún mọ́. Ohùn ẹ̀ tó èmi. Tún un tẹ̀ kí n gbọ́."

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo tún un tẹ̀. Kò jí.

Mo ní bátìrì ẹ̀ ló tán, pé tí a bá délé, màá fi sí iná.