Ìjókòó Abẹ́ Sakura Ńlá

Ọdún mẹ́jọ ni Màmá Fusae ti ń fi ojú jẹ abẹ́ igi sakura ńlá olódòdó tó wà létí odò àdúgbò wọn, tí Bàbá Onodera, alámùúlégbè rẹ̀, sì ń fi ìdí jókòó síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí àdúgbò bá fẹ́ jókòó wo òdòdó, bàbá náà á ti tẹ́ tapólì búlúù rẹ̀ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ́ ló ni ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kan tapólì onítapólì, ì báà jẹ́ bàtà àlòkù kan ṣoṣo ló dì í mú.

Lọ́dún yìí, òdòdó tètè là. Alága àdúgbò ní kò ní jẹ́ Sọ́ńdè mọ́, Sátidé ni. Ó lẹ ìkéde náà mọ́ pákó tó máa ń ti ilé dé ilé: ẹni tó bá kà á tán á lu òǹtẹ̀ rẹ̀, á gbé e fún ilé tó kàn. Ọwọ́ Màmá Fusae ni Bàbá Onodera ti máa ń gbà á, òun ló sì kẹ́yìn. Màmá ka ìkéde òkè, ó lu òǹtẹ̀, ó gbé pákó sórí ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ó ní òun ò gbé e pamọ́, ó kàn ń sinmi ni.

Kí aago márùn-ún tó lù ní Sátidé, ó ti tẹ́ tapólì tirẹ̀ sábẹ́ igi. Nígbà tí oòrùn yọ, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń dá rẹ́rìn-ín. Òdòdó bo gbogbo orí rẹ̀, àwọn ẹyẹ ń mu oje òdòdó, wọ́n ń já a jù sínú tíì Màmá. Àwọn aládùúgbò ń dé pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ, wọ́n ń tẹrí ba fún un ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n ń kí i kú iṣẹ́. Àwọn kan fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Màmá rò pé ìlara ni.

Ẹ̀rín wọn ló jí Bàbá Onodera. Ó dé pẹ̀lú sálúbàtà inú ilé.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Pákó ò dé ọ̀dọ̀ mi o."

"Ẹ má bínú, ìgbàgbé àgbà ni." Ó gbé abọ́ ìrẹsì kúrò lórí pákó tó gbé wá sọ di tábìlì, ó na pákó náà sí i.

Bàbá fi èékánná họ ìrẹsì kúrò, ó lu òǹtẹ̀ tirẹ̀, ó wá rọra ṣí i.

"Ṣé ẹ ka ojú ìwé kejì?"

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Pé ẹni tó bá jókòó sábẹ́ igi ńlá ni á máa gbá òdòdó ojú ọ̀nà láàárọ̀-láàárọ̀, títí òdòdó igi á fi já bọ́ tán."

Ọdún mẹ́jọ ni Màmá ti ń gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ Bàbá láàárọ̀, tó sì ń pè é ní àṣehàn. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀.

"Kí ló wá ń lé yín jí wá síbí lọ́dọọdún?"

"Ẹ̀yìn ń ro mí lóòótọ́. Àmọ́ ẹ gbójú sókè ná."

Màmá gbójú sókè wo òdòdó. Bàbá lọ sílé, ó mú ìgbálẹ̀ dé, ó tẹ́ ẹ gbọọrọ sórí tapólì, ó jókòó tì í. Màmá yan ìṣù ìrẹsì rogodo tó tóbi jù fún un, èyí tó ní èso kíkan nínú.

"Bàbá, ìgbálẹ̀ yín yìí, ṣé méjì ni?"

"Ọ̀kan ni," ni bàbá wí, ó sì nawọ́ mú ìṣù ìrẹsì kejì.