Iná Tó Wà Lápá Òsì

Àjà kẹta ilé gíga kan nínú ọgbà yunifásítì ni ọ́fíìsì wa wà, ògiri kan ló pààlà àwa àti ilé ìwòsàn. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n lẹ ìwé ńlá kan mọ́ ògiri: “Ọpọlọ, Ìwà àti Ẹ̀rọ: Ìmọ̀ Mẹ́ta Lábẹ́ Òrùlé Kan.” Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, òrùlé nìkan ni mo lè jẹ́rìí sí. Òótọ́ ni pé òrùlé kan ló bò wá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ni olórí wa. Ọkùnrin náà kò lè ṣí ilẹ̀kùn kí ẹnìkan má ya fọ́tò rẹ̀. Ó mọ ọpọlọ èèyàn débi pé ó lè tọ́ka sí gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí àwòrán, ṣùgbọ́n láti ọdún méjì tí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, mi ò rí i kó jókòó ti aláìsàn kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹnjiníà ló tẹ̀ lé e, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ bí ọmọ tuntun. Ẹ̀kẹta ni obìnrin onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìdánwò, nítorí kò sí aláìsàn tó máa bá a pàdé tí kò ní fún ní ìwé àti pẹ́ńsù. Èmi ni ẹ̀kẹrin. Èmi ni mo máa ń na iṣan àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú, mo máa ń fà á, mo máa ń tẹ̀ ẹ́, títí yóò fi rántí iṣẹ́ rẹ̀. Ogún ọdún ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, síbẹ̀ “olùrànlọ́wọ́” ni wọ́n kọ mí sí nínú ìwé wọn. Mo yínmú, mo ń bá tèmi lọ. Iṣan ni tèmi. Ọpọlọ, ọ̀rọ̀ tiwọn ni.

Àràárọ̀ Mọ́ńdè la máa ń ṣèpàdé, ẹ ò bá wá wòran. Bí Ìyá Ìdánwò bá ń sọ̀rọ̀, Ẹnjiníà a máa tẹ fóònù. Bí ó bá kan Ẹnjiníà, Ìyá Ìdánwò a máa fi gègé pupa tún ìwé rẹ̀ kọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n a máa mi orí fún àwọn méjèèjì, a ní, “Iṣẹ́ àjọṣe gidi nìyí o,” a sì dìde. Tí mo bá nawọ́ pé mo ní ọ̀rọ̀ sọ, àkókò á ti lọ.

Ohun tí a tìtorí ẹ̀ kó jọ ni ìbọ̀wọ́ kan tí Ẹnjiníà ṣe, ìbọ̀wọ́ dúdú tí wáyà kún ara rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti rọ la máa ń wọ̀ ọ́ fún. Àpótí kékeré kan wà lórí tábìlì tí iná aláwọ̀ ewé ń tàn lójú rẹ̀. Bí iná bá ti tàn, kí aláìsàn gbìyànjú láti la ọwọ́. Bí ọwọ́ ò tiẹ̀ mira, ìbọ̀wọ́ á mọ̀ pé iṣan gbìyànjú, á fún un ní máàkì, á sì bá a la ìka rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ á tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọwọ́. Ẹni tí ọwọ́ òsì rẹ̀ rọ, apá òsì ni Ẹnjiníà máa ń gbé iná sí fún un. “Kí ojú àti ọwọ́ lè pàdé,” ló máa ń wí, bíi pé ewì ló ń ké.

Ìbọ̀wọ́ mẹ́ta péré la ní, ó sì lófin. Ọ̀sẹ̀ méjìlá ni ìtọ́jú náà. Ẹni tí kò bá ní máàkì kankan títí ọ̀sẹ̀ kẹfà á gba lẹ́tà pé kò ní ìtara, á máa lọ sílé, a ó sì fún ẹlòmíràn ní àyè rẹ̀. A ti lé ẹni mẹ́rin báyẹn. Èmi ni wọ́n máa ń rán láti fún wọn ní lẹ́tà. Ọkùnrin kan nínú wọn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kò tiẹ̀ wojú mi. Mo na lẹ́tà sí i títí apá fi ro mí, ó kọ etí ikún. Mo pòṣé, mo jù ú lé e nítan, mo bá tèmi lọ.

Ẹni karùn-ún tí lẹ́tà yẹn ń bọ̀ wá bá ni obìnrin aránṣọ kan, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló rọ. Aránṣọ tí kò lè fi ọwọ́ òsì darí aṣọ bọ abẹ́ abẹ́rẹ́, kí ló kù tó fẹ́ rán? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé ti ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ fún ẹni tó máa lò ó. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń tì í wá lórí àga oníkẹ̀kẹ́ lójoojúmọ́, ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjìlá pé ná. Lọ́sẹ̀ kẹfà, òdo ló wà níwájú orúkọ aránṣọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ ìwé. Fúráìdè ni lẹ́tà rẹ̀ máa jáde.

Mi ò ní purọ́, kò dùn mí. Ayaba ni mo sọ obìnrin náà lábẹ́lẹ̀. Àràárọ̀ ni mo máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ níbi tí ọwọ́ tí mò ń tọ́jú wà, màá sì kí i dáadáa: “Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?” Á yíjú sí ọmọ rẹ̀ lápá ọ̀tún, á ní, “Mo sùn dáadáa, ọmọ mi.” Ọmọ ò sì bi í ní nǹkankan. Ó lè jẹ́ Ẹnjiníà ló dúró lápá ọ̀hún, á dá Ẹnjiníà lóhùn. Èmi tí mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò fi ojú kan mí rí. Mo ní, irú ìgbéraga wo lèyí? Ṣé nítorí mi ò wọ aṣọ funfun bíi tiwọn ni? Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kìíní, mi ò kí i mọ́. Mò ń na ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń fún aṣọ.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdè, mo lọ sí yàrá ìjẹun ilé ìwòsàn. Tìyá-tọmọ ni mo bá níbẹ̀. Ìyá ti jẹun tán, ó ń ráhùn.

“Oúnjẹ ibí yìí mà kéré o. Ṣé ẹyẹ ni wọ́n ń bọ́ ni?”

Mo wo abọ́ rẹ̀. Ìdajì oúnjẹ ṣì wà níbẹ̀, lápá òsì, tí wọ́n là á gbọọrọ láàrin bí ẹni fi rúlà fà á. Ọmọ rẹ̀ kàn na ọwọ́, ó yí abọ́ náà títí oúnjẹ tó kù fi bọ́ sí apá ọ̀tún.

“Ẹn-ẹ́n,” ni ìyá wí, ó gbé ṣíbí, “wọ́n ti bù sí i. Ẹ ṣeun o.”

Orí mi wú. Mo fi oúnjẹ tèmi sílẹ̀, mo gba ọ́fíìsì Ìyá Ìdánwò lọ.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé ẹ ti dán ojú aránṣọ yẹn wò?”

“Ojú kọ́,” ó dá mi lóhùn, ó ń rẹ́rìn-ín sí àìmọ̀kan mi. “Ojú rẹ̀ ríran. Ọpọlọ rẹ̀ ni kò ka apá òsì kún. Fún un, kò sí ohun tó ń jẹ́ apá òsì láyé.” Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fa àwòrán aago kan yọ tí ó ní kí aránṣọ náà yà. Gbogbo nọ́ńbà méjèèjìlá ló rọ́ jọ sí apá ọ̀tún, apá òsì mọ́ fonífoní. “Ẹ wò ó bó ṣe dára tó! Ọ̀sẹ̀ kìíní ni mo ti gbà á. Àwọn mẹ́rin tó lọ náà ya irú ẹ̀.”

“Ẹnjiníà ńkọ́? Ṣé ó ti rí i?”

“Báwo ló ṣe máa rí i? Mi ò tíì tẹ̀ ẹ́ jáde.”

Mo bá Ẹnjiníà níbi tó ti ń fi aṣọ rírọ̀ nu ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Mo ní, “Ẹnjiníà, iná yín yẹn, aránṣọ ò rí i. Ẹ gbé e sí apá ọ̀tún.”

“Àǹtí,” ó ní, “oṣù mẹ́ta ni mo fi ro ibi tí iná yẹn máa wà. Ẹ̀ka tèmi nìyẹn. Tí ìṣòro bá wà, kí Ìyá Ìdánwò kọ̀wé sí mi.”

“Yàrá tó kàn ló wà!”

“Kó ṣáà kọ̀wé.”

Mo fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ̀rín ń pa mí, inú ń bí mi. Ẹ wo àwọn tó kàwé kàwé! Wọ́n ń ṣe ìwádìí nípa ẹni tí kò rí apá òsì, wọ́n wá gbé iná sí apá òsì, wọ́n ní kò ní ìtara. Ọ̀kan mọ àìsàn, ọ̀kan mọ iná, ògiri tó wà láàrin wọn ò tó ìbú ọwọ́ kan, kò sì sí ẹni tó fẹ́ dìde lórí àga. Inú mi tiẹ̀ dùn díẹ̀, kí n má tan ara mi. Mo ti ń wá ọjọ́ tí màá rí wọn gbá mú.

Láàárọ̀ Fúráìdè, gbogbo wọn pé. Ọ̀jọ̀gbọ́n wá láti fọwọ́ sí lẹ́tà, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Mo wọ ìbọ̀wọ́ fún aránṣọ náà, mo jókòó sí àyè mi. Iná tàn. Òdo. Iná tún tàn. Òdo. Ọmọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ ìnujú ìyá rẹ̀ sínú báàgì.

Mo na ọwọ́, mo gbé àpótí iná náà, mo gbé e kọjá níwájú obìnrin náà lọ sí apá ọ̀tún.

“Àǹtí! Ẹ má fọwọ́ kàn án!” Ẹnjiníà ké.

Iná tàn. Aránṣọ náà tẹjú mọ́ ọn bí ẹni rí àlejò. “Háà,” ó ní, “ṣé iná tí wọ́n ń wí láti ọjọ́ yìí nìyí?” Ó gbin, iṣan ọrùn rẹ̀ le. Ẹ̀rọ dún pì-ì, ìbọ̀wọ́ náà sì ṣí ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tún ṣe é. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ọmọ rẹ̀ ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún.

Mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń retí kí ojú tì wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ lanu. “Ẹ̀yin èèyàn mi,” ó ní, “àwárí nìyí! Ẹ̀ka mẹ́ta ló jọ ṣe é. Ta ló ní kámẹ́rà?” Ó fa lẹ́tà ya. Ìyá Ìdánwò ti ń wá gègé. Ẹnjiníà ní òun ti fura sí i tipẹ́.

Mo pòṣé tí gbogbo yàrá gbọ́. Ó kéré tán aránṣọ á dúró, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ á sì dúró dè é. Mo dìde kí n lè kí i kú oríire. Àwọn tó ń ya fọ́tò ti dí ọ̀nà, mo bá gba ẹ̀yìn rẹ̀ yọ sí apá ọ̀tún.

“Ẹ kú oríire, mà.”

Ó gbójú sókè, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ojú rẹ̀ tutù, kò sí ìgbéraga kankan níbẹ̀.

“Ẹ ṣeun o. Ṣé òní lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbí ni?”

Ọmọ rẹ̀ nu ojú. “Màmá, àwọn ló ń bá yín na ọwọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.”

“Àwọn wo? Èyí tí mò ń wò yìí?” Ó mi orí, ó ń tọrọ àforíjì. “Ẹ má bínú. Mi ò rí yín rí.”

Mo kọ́ nípa àìsàn yìí nílé ìwé. Ó wà nínú ìdánwò àṣekágbá mi, mo sì yege. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi jókòó sí ibi tí iná Ẹnjiníà wà gan-an, tí mò ń bínú pé wọn ò dá mi lóhùn. Mo rántí tíṣà yẹn. Mo rántí apá òsì tí mo dúró sí tí mo na lẹ́tà sí i, àti òṣé tí mo pa. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ọmọ obìnrin náà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ń pè mí pé kí n wá dúró nínú fọ́tò. Mi ò lọ. Mo fa àga mi wá sí apá ọ̀tún aránṣọ náà, mo jókòó síbi tó ti lè rí mi.

“Ẹ káàárọ̀, mà,” ni mo wí.

“Káàárọ̀ o,” ó dá mi lóhùn. “Ṣé ẹ sùn dáadáa?”