Ta Ló Ṣílẹ̀kùn fún Àṣàkẹ́?

“… Àṣàkẹ́ kan ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tí ó dáhùn.” Mùínátù pa ìwé dé, ó na báírò sí ìyá rẹ̀. “Mo ti ka tòní o, Màámi. Ẹ fọwọ́ sí i, kí n lè lọ wo tẹlifíṣọ̀n nílé Rachel.”

Sàúdátù kò gba báírò. Ẹní tó ń hun ló tẹjú mọ́.

Tíṣà Edith ló ní kí òbí máa gbọ́ ìwé kíkà ọmọ nílé ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé pélébé kan. Ìyá tí kò mọ A yàtọ̀ sí B, òun ni wọ́n ní kó máa gbọ́ ìwé o! Sàúdátù á kàn fi kéwú kọ orúkọ rẹ̀, láti ọ̀tún sí òsì, ó parí. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, tíṣà ránṣẹ́ pè é.

“Ìyá Mùínátù, ọmọ yín ò lè kàwé. Bó bá ń lọ báyìí, kò ní bọ́ sí kíláàsì karùn-ún. Ṣé lóòótọ́ lẹ ń gbọ́ ọ?”

Èkó ni ọkàn Sàúdátù lọ. Mọ́rúfù, bàbá ọmọ, ti bá ìyàwó mìíràn kó lọ sí Èkó láti ọdún tí sójà gbàjọba. Nígbà Iléyá ló sọ ọ́ pé bí Mùínátù bá fẹ́ìlì, Èkó ló ń bọ̀, lọ́dọ̀ ìyàwó tó mọ̀wé. Ọmọ kan ṣoṣo tó kù nínú ilé náà nìyẹn. Ta ni Sàúdátù yóò wá máa bá sọ̀rọ̀, ẹní?

“Màámi, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ o!”

“Jókòó.” Sàúdátù gbé ẹní sílẹ̀. “Àṣàkẹ́ ti oko dé. Igi wà lórí rẹ̀. Òjò ṣú. Àṣàkẹ́ kan ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tí ó dáhùn.”

Mùínátù lanu. “Háà! Ẹ mọ̀wé kà?”

“Ìwé wo? Ààfáà á pè é, àwa náà á pè é, títí á fi wọ̀ wá lórí. Bí mo ṣe kọ́ kéwú nìyẹn. Ó ti lé lóṣù kan tí Àṣàkẹ́ ti ń kan ilẹ̀kùn yìí. Ìwọ náà ò kà á, orí lo fi ń pè é.”

“Rachel ló kọ́ mi,” lọmọ náà wí, omi lé ròrò sójú rẹ̀. “Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ̀rọ̀?”

“Torí mo fẹ́ kó o máa jókòó tì mí. Bí mo bá bá ọ wí, wàá bínú jáde, ilé á tún dá páropáro. Mo jẹ̀bi. Bàbá ẹ fẹ́ mú ẹ lọ, ẹ̀rù sì ń bà mí. Lọ́la, èmi fúnra mi á sọ fún tíṣà pé n ò mọ̀wé. N ò fọwọ́ sí nǹkan kan lónìí.”

Ó fa ìwé náà mọ́ra, ó ṣí i láti ẹ̀yìn, bí wọ́n ṣe ń ṣí kéwú. Mùínátù rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún, ó bá a ṣí ojú-ìwé tó tẹ̀ lé ibi tí Àṣàkẹ́ ti ń kan ilẹ̀kùn.

“Ibí ni, Màámi. Ṣùgbọ́n n ò mọ̀ ọ́n.”

“Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Lẹ́tà wo nìyí?”

Wọ́n gbé ìka sórí rẹ̀ pọ̀. Rachel kan ilẹ̀kùn níta, ó tún kàn án. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Àwọn méjèèjì ń wá ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún Àṣàkẹ́.