Eyínmẹ́nugún Inú Ìwé Ìwọ̀n

Ọjọ́ kẹta rèé tí bàbá mi ti kọ̀ láti lo oògùn, nítorí obìnrin kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀.

Eyínmẹ́nugún ló ń pè é. Ó ń pè é bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń pe omi. Ọdún keje rèé tí jẹjẹrẹ ti wà nínú ọpọlọ bàbá mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ṣí orí rẹ̀ tí wọ́n sì rán an pa, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ nígbà náà pé ẹni tó rán an kò mọ abẹ́rẹ́ lò dáadáa. Télọ̀ ni bàbá mi. Jálẹ̀ ọdún méje yẹn, ọwọ́ màmá mi nìkan ló ti ń gba oògùn. Bí àwa ọmọ bá gbé e sún mọ́ ọn, á pa ẹnu dé bíi síìpù.

Ó di ọjọ́ Ajé, màmá mi gbé ife omi lọ́wọ́, bàbá mi fi ojú àlejò wò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ bá mi pe Eyínmẹ́nugún. Ẹ sọ fún un pé òun nìkan ni mo fẹ́ràn láyé yìí."

Ó fi "ẹ" pe ìyàwó rẹ̀. Ìyẹn ló kọ́kọ́ gún mi lọ́kàn. Màmá mi rọra gbé ife kalẹ̀, ó ká aṣọ ìbora rẹ̀, ó sì kó lọ sí pálọ̀.

"Ọdún méje ni mo fi ń nu itọ́ lẹ́nu rẹ̀," ló wí. "Kò burú. Kí onítọ̀hún náà wá nu díẹ̀."

Oògùn yẹn ló ń dá gìrì dúró. Lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ kan péré ló fò ó, gìrì sì gbé e lulẹ̀ sáàárín àga àti ògiri. Ọjọ́ mẹ́ta wá ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Lọ́yà nítorí pé kì í jẹ̀bi, bẹ màmá mi títí.

"Màmá, àìsàn ló ń sọ̀rọ̀."

"Àìsàn ló mọ orúkọ obìnrin?"

Lọ́yà wá ibì kan jókòó sí. N kò rí i rí kí ẹjọ́ tán lẹ́nu rẹ̀.

Ní tèmi, orí mi dàrú. Mo ń bínú sí bàbá mi, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí. Mo kórìíra Eyínmẹ́nugún, síbẹ̀ mo ń ronú irú obìnrin tí ìfẹ́ rẹ̀ lè dúró sínú orí tí gbogbo nǹkan mìíràn ti ń jò dànù. Bàbá mi kò mọ oṣù tí a wà mọ́, àmọ́ ó mọ obìnrin yẹn. Ta ni yóò fẹ́ èmi náà bẹ́ẹ̀? Ojú tì mí pé mo bi ara mi ní irú ìbéèrè yẹn.

Nígbà tó di ọ̀sán Ọjọ́rú, mo pinnu pé bí obìnrin náà bá wà láyé, màá lọ mú un wá. Kí màmá mi bínú tó bá fẹ́. Ẹni tó wà láàyè la lè bá jà.

Èmi ni mo ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù báyìí. Bàbá mi ní ìwé ìwọ̀n kan níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí, àní èmi tó kọ́ níṣẹ́. Òfin rẹ̀ ni pé ara oníbàárà, àṣírí ni. Nítorí náà kì í kọ orúkọ sínú rẹ̀, ìnagijẹ tó bá fún èèyàn nínú ọkàn rẹ̀ ló ń kọ. Mo wo ẹ̀yìn bí olè, mo fà á yọ lábẹ́ ayọ́ọ̀nù àtijọ́.

Mo rí Ikùn-Ṣíwájú. Mo rí Ọ̀pá-Iná. Mo rí Ó-Ní-Kò-Fún-Òun. Lẹ́yìn náà mo rí Eyínmẹ́nugún, etí ojú ìwé náà sì ti rọ̀ bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àyà, ìbàdí, gígùn apá. Lábẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ sí pé: "Èjìká òsì rẹlẹ̀ ju ọ̀tún lọ ní ìdajì íǹṣì. Kí n fi fóòmù dí i, kó má baà mọ̀." Ó ti fa igi lé ìdajì, ó kọ íǹṣì kan. Déètì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ọdún tí àìsàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ló kọ èyí.

Mo jókòó. Apínlẹ́tà ni màmá mi. Láti ìgbà ọmọge rẹ̀ ni àpò lẹ́tà ti ń fa èjìká òsì rẹ̀ wálẹ̀. Oṣù tó kọjá ni mo rán yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, íǹṣì kan náà ni mo fi dí i.

Mo gbé ìwé náà lọ sílé. Ìdúró ni màmá mi kà á.

"Ó mọ̀ nípa èjìká mi," ló wí. "Mo rò pé mo ń fi ìborùn bò ó."

"Màmá, ẹ̀yin ni Eyínmẹ́nugún."

"Èmi kọ́. Ọmọge ni eléyìí. Èmi ló ń pè ní ma." Ó pa ìwé náà dé. "Ṣé ara mi ni mo wá ń jowú?"

Ó gbé oògùn àti ife omi, ó wọlé tọ̀ ọ́, ó sì dúró bó ṣe máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà onílẹ́tà.

"Ẹ kú ọ̀sán sà. Eyínmẹ́nugún ló ní kí n kó èyí wá fún yín. Ó ní kí ẹ lò ó kí òun tó dé."

Bàbá mi wò ó. Ó na ọwọ́, ó fi ìka wọn èjìká òsì rẹ̀ láti ọrùn dé etí apá.

"Èjìká yín jọ tirẹ̀," ló wí. "Ta ló ń ránṣọ fún yín?"

"Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni."

"Ó ń gbìyànjú."

Ó la ẹnu, ó gbé oògùn náà mì. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ má sọ fún un pé mo fọwọ́ kàn yín o. Òjòwú ni."

Màmá mi rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí eyín yẹn, ó funfun, ó tò bí ọṣọ́. Bàbá mi tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀, ó fún ojú pọ̀ bí ẹni tó ń wá ihò abẹ́rẹ́. Mo ń retí pé kó pè é ní Eyínmẹ́nugún. Ó yí ojú kúrò. Ó gbé orí lé ìrọ̀rí.

"Bá mi kó aṣọ ìbora mi padà wá," ni màmá mi sọ fún mi. "Lọ́la, màá tún jíṣẹ́ rẹ̀."

Nígbà tí mo dé pálọ̀, Lọ́yà, tó ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wa, ti dìde dúró.

"Ọwọ́ èwo nínú àwọn obìnrin méjèèjì ló ti wá gba oògùn?"

"Mi ò mọ̀," ni mo wí, n kò sì purọ́.