Orin Tó Ń Mú Búrẹ́dì Wú

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọlé. Ẹni tó ń tòògbé, bọ́jú. Ìtàn tí mo gbé dání yìí ṣì gbóná, ẹ má jẹ́ kó tutù mọ́ mi lọ́wọ́.

Ní ilé búrẹ́dì kan, obìnrin mẹ́sàn-án ló ń po ìyẹ̀fun. Ìyá Olórin ni olórí wọn. Bí wọ́n bá pò ó tán, wọn á da aṣọ funfun bò ó, wọn á jókòó yí i ká, wọn á máa kọrin:

*Wú o, má kánjú,*
*Wú o, má sùn,*
*Ọmọ ń retí rẹ nílé,*
*Wú o, wú!*

Ìgbà méje ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń dá a, tí àwọn yòókù ń gbè é. Bí orin bá ti parí, ìyẹ̀fun di inú ààrò. Lọ́jọ́ òtútù, ẹnì kọ̀ọ̀kan á tún ki ìyá tó bí i mọ́ orin náà. Bí wọ́n ṣe bá a nìyẹn, kò sẹ́ni tó bèèrè ìdí.

Àfi Oníbèèrè. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ni, ìṣe àti àṣà ọmọ aráyé ni wọ́n ń kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ gíga. Láràárọ̀ ló ń gun orí àpò ìyẹ̀fun jókòó, á wo aago ọwọ́ rẹ̀, á kọ̀wé.

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ fi ń kọrin?"

"Ṣé o ti bi ẹyẹ ná?"

"Ẹ̀yin ìyá tí ẹ wá ń kì lọ́jọ́ òtútù ńkọ́?"

"Kí ara wa lè yá ni. Háà, ọmọ yìí, ìyá tìẹ náà ò ní rímú mí nígbà tó ń tọ́ ọ!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Àṣé Ọ̀gá tó ni ilé búrẹ́dì ti ra aago oníná kan láti òkè òkun. Bó bá ti pé ogójì ìṣẹ́jú, á han, wíì! wíì!

"Káàkiri ayé, òun ni wọ́n ń lò," ni Ọ̀gá wí. "Bí búrẹ́dì ọ̀sẹ̀ yìí bá dáa, orin ti parí níbí nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ìyá Olórin wọra. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń ki ìyá rẹ̀ tó ti di olóògbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò yẹn. Ibo ló tún kù tí wọn yóò ti máa gbọ́ orúkọ ìyá náà?

Ọjọ́ mẹ́ta, oòrùn mú, búrẹ́dì wú, Ọ̀gá ń yan kiri. Ìyá Olórin ń po ìyẹ̀fun láìkọrin.

Lọ́jọ́ kẹrin, òjò bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí, òtútù wọ egungun. Aago han, búrẹ́dì wọ ààrò. Ohun tó jáde le bí òkúta. Ọ̀gá gé e jẹ, díẹ̀ ló kù kí eyín rẹ̀ bá a lọ.

"Ta ló ba ìyẹ̀fun mi jẹ́?"

"Aago yín ló wà nídìí ẹ̀, Ọ̀gá," ni Ìyá Olórin wí. "Ẹ bi í."

Oníbèèrè ti ń tú ìwé rẹ̀ wìrìwìrì. "Ẹ dúró ná! Nígbà oòrùn, orin yín kì í ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Nígbà òtútù, ìyá mẹ́sàn-án tí ẹ ń kì ń sọ ọ́ di wákàtí kan. Ìyẹ̀fun kì í sì í tètè wú nínú òtútù. Orin mọ̀ pé òjò ń rọ̀, aago ò mọ̀!"

Ìyá Olórin la ẹnu sílẹ̀. "Èmi tí mo rò pé a fi ń mára yá lásán!"

"Èmi náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ fi ń rántí òkú ni."

"Mo ń rántí ìyá mi náà kẹ̀. Ṣé nǹkan kan ṣoṣo lorin lè ṣe ni?"

Ọ̀gá họ orí. "Ẹ po òmíràn. Ẹ sì... ẹ kọ ọ́."

"Pẹ̀lú àwọn ìyá?" ni Ìyá Olórin bi í.

"Pẹ̀lú gbogbo wọn!"

Orin gba ilé kan. Ìyá Olórin ki ìyá rẹ̀ títí omijé ayọ̀ fi bọ́. Bí ìyá kẹsàn-án ti ń parí, Ọ̀gá wúkọ́. "Ìyá tèmi ńkọ́?" Ó fi ohùn bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo kì í. Ni Oníbèèrè náà bá ki tirẹ̀.

Ìyá ti di mọ́kànlá! Búrẹ́dì ọjọ́ náà wú kọjá etí páànù, ó rọ̀ bí ìrọ̀rí. Wọ́n jẹ ẹ́ ní gbígbóná títí ikùn fi ní ó tó, oníkálùkù sì há ọ̀kan sí abíyá, ó ń kọrin lọ sílé nínú òjò.