Òkú Kì Í Sáré

Láti àárọ̀ ni ara Mujeebat kò ti balẹ̀. Ní kékeré rẹ̀, ìyá rẹ̀ ṣe òkú tó ń rìn nínú fíìmù kan, láti apá kìíní dé apá kẹta, làwọn ọmọ Àgbowó bá ń pe Mujeebat ní "Ọmọ Òkú". Ìjà ló fi gba ilé ìwé kọjá. Ìgbà tí wọ́n kó wá sí Bódìjà ni orúkọ náà tó parẹ́. Àfi bí Akínbíyìí, ọmọ ẹni tó ṣe fíìmù náà, ṣe dé lónìí, tó ní òun fẹ́ ṣe apá kẹrin.

Ìyá ti ṣèlérí fún Mujeebat pé òun kò ní ṣe òkú mọ́, ó sì mú un ṣẹ. "Òkú yẹn ti sùn, ọmọ mi. Jẹ́ kó sinmi."

"Kò burú, mà. A ti rí ẹlòmíì."

Ọmọbìnrin tí Akínbíyìí mú wá dìde láti fi hàn wọ́n, ó yíjú, ó figbe ta, ó sáré yí pálọ̀ ká.

Ẹ̀rín pa Ìyá. "Òkú wo ló ń sáré? Ta ló ń lé e?"

Ó tún ìró ró, ó sì rìn wá láti ẹnu ọ̀nà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ti gbàgbé ohun tí ẹsẹ̀ wà fún. Ọmọbìnrin náà dì mọ́ Akínbíyìí. Mujeebat pàápàá ká ẹsẹ̀ sórí àga.

Ìyá jókòó, ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ìyàwó tuntun. "Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

"Màámi!"

"Ṣé kí n máa wò wọ́n kí wọ́n bà á jẹ́ ni?"

Mujeebat ti ń gbọ́ orúkọ àtijọ́ yẹn létí, ṣùgbọ́n ó wo ojú ìyá rẹ̀, kò sì rí ẹnu sọ pé rárá.