Ẹ̀kọ́ Nídìí Ike Pàǹtí

Ká sòótọ́, obìnrin náà kì í ṣe olùkọ́ burúkú. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Òun ló dá kíláàsì náà sílẹ̀ ní yunifásítì yẹn nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì ka irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sí nǹkan kan: bí èèyàn ṣe lè máa lo omi, ilẹ̀, igi àti iná láì jẹ ìpín àwọn ọmọ tí a ò tíì bí mọ́ tiwa. Ó fẹ́ràn kíláàsì yẹn bí ẹni fẹ́ràn ọmọ. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé nóòtì ló máa ń pè. Á wọlé, á kí wọn, á ṣí fáìlì, ó di "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀." Ó di ìgbà tí agogo bá lù kó tó sinmi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kúkú sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ń pè é ní Màmá Kọ-Ọ́-Sílẹ̀. Ó gbọ́ ọ, ó ṣe bí ẹni tí ò gbọ́.

Lọ́jọ́ kan ni ọ̀gá ẹ̀ka wọn ránṣẹ́ pè é. Nígbà tó máa dé ọ́fíìsì, ó bá àbúrò kan tó jókòó síbẹ̀, ọmọbìnrin tí òun fúnra rẹ̀ kọ́, tó ti di olùkọ́ báyìí.

Ọ̀gá ní, "Mà, ayé ti yí padà. Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa fi ọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan, kí wọ́n máa wá ìdáhùn fúnra wọn. Èmi àtàwọn olùyẹ̀wò ń bọ̀ wá wo kíláàsì yín. Tó bá jẹ́ nóòtì náà lẹ ṣì ń pè, àbúrò yín yìí la máa gbé kíláàsì náà fún."

Inú bí i dé góńgó, ṣùgbọ́n "Ó dáa, sà" ló jáde lẹ́nu ẹ̀. Àbúrò náà sáré tẹ̀ lé e jáde.

"Màmá, kì í ṣe èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e fún mi o."

"Mo mọ̀. Máa lọ síbi iṣẹ́ ẹ."

Ó kọ́kọ́ fẹ́ ṣe é bí wọ́n ṣe wí. Ó wọ kíláàsì, ó pa fáìlì dé, ó ní, "Kí lẹ rò pé ó pọ̀ jù nínú pàǹtí tí à ń dà nù nínú ọgbà yìí?" Gbogbo wọn tẹrí ba, wọ́n kọ ìbéèrè náà sílẹ̀. Màmá ń retí, àwọn náà ń retí, bírò wà lókè.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ̀yin ni mò ń bi o!"

Ọ̀kan nawọ́ sókè. "Mà, ṣé ká fa ilà sí i nídìí?"

Ó sú u. Ló bá ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe: ó jókòó, ó kọ àríyànjiyàn tó fẹ́ kí wọ́n ṣe lójú àwọn olùyẹ̀wò fúnra ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó wá pè é fún wọn bíi nóòtì. Ó pín in fún oníkálukú. Ọmọkùnrin gíga kan tí wọ́n ń pè ní Agùntáṣọọ́lò ló máa ṣì í, á ní ọ̀rá ló pọ̀ jù. Ọmọbìnrin tó máa ń jókòó létí fèrèsé á ní, "Rárá o, ẹ jẹ́ ká wò ó." Wọ́n á da ike pàǹtí ilé oúnjẹ sílẹ̀, wọ́n á rí i pé àjẹkù oúnjẹ ni, ẹnu á yà wọ́n. Kódà ó pe ibi tí wọ́n ti máa ronú fún wọn: "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Níbí, ẹ dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ họ orí." Ẹ gbà mí o! Ta ní ń pe ìrònú ní nóòtì? Wọ́n ṣá fi kọ́ra títí ó fi yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu.

Ọjọ́ pé. Ẹ̀yìn ilé oúnjẹ ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n tẹ́ ọ̀rá ńlá sílẹ̀, wọ́n gbé òṣùwọ̀n síbẹ̀, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́. Ọ̀gá àtàwọn olùyẹ̀wò dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, àbúrò dúró lára ògiri. Agùntáṣọọ́lò ṣì í dáadáa, kò fi ibì kankan sílẹ̀. Wọ́n dojú ike dé.

Ohun tí Màmá ò mọ̀ ni pé àwọn tó ń gbálẹ̀ nílé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ti kó ẹrù tiwọn dà sínú ike yẹn láàárọ̀. Ìwé ló ya sílẹ̀ wìì. Ìwé nóòtì Màmá ni, èyí tí ẹ̀ka máa ń tẹ̀ fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọọdún, orúkọ rẹ̀ gàdàgbà níwájú. Àwọn mìíràn wà níbẹ̀ tí wọn ò tíì tú okùn wọn rárá. Oúnjẹ tó wà nísàlẹ̀ ò tó nǹkan.

Ọmọbìnrin etí fèrèsé gbójú sókè bí ẹni tó ń ka àkọ́sórí. "Gẹ́gẹ́ bí a ṣe rí i, àjẹkù oúnjẹ ló pọ̀ jù."

"Áà, òótọ́ ni!" ẹnì kejì dáhùn. "Ẹnu yà mí!"

Olùyẹ̀wò kan wúkọ́. Ọ̀gá ń wo bàtà ara rẹ̀. Màmá ń wo orúkọ ara rẹ̀ nínú omi ọbẹ̀.

Agùntáṣọọ́lò ti parí ipa tirẹ̀ ní tiẹ̀, kò ní nǹkan kan láti kà mọ́. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ìwé ni o."

Ojú ti Màmá débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ìbéèrè tí kò sí nínú fáìlì kankan ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ fi ń dà á nù?"

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó kàn. Agùntáṣọọ́lò ló dáhùn.

"Mà, ẹ má bínú. Ti àwọn tó ṣáájú wa wà lọ́wọ́ wa. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹ kì í yí i padà."

Ó dùn ún dé egungun.

"Ká má tẹ̀ ẹ́ mọ́ nìyẹn," ọmọbìnrin etí fèrèsé sọ. Kì í ṣe Màmá ló ń bá sọ̀rọ̀. "Ká máa kà á lórí fóònù."

"Àwọn tí ò ní fóònù ńkọ́? Fóònù náà ò ha ń jẹ iná ni?"

"Kí àwọn tó jáde gbé tiwọn sílẹ̀ fún àwọn tó ń wọlé."

"Ta ló máa kó o jọ? Ìwọ?"

Ó bá di ariwo. Ẹnì kan kúnlẹ̀, ó ń wọn ìwé, ẹlòmíràn ń bá a jà pé èyí tó tutù máa tẹ̀wọ̀n jù. Kò sẹ́ni tó tún nawọ́ sókè.

Ọ̀gá sún mọ́ Màmá, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mà, a mọ̀ pé ẹ ti kọ́ wọn lóhun tí wọ́n máa sọ. Gbogbo wa la rí i. Láti ọdún tó ń bọ̀, àbúrò yín ló ni kíláàsì yìí. Ẹ má bínú."

Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Gbogbo ọdún tó ti fi tọ́ kíláàsì yẹn! Ọ̀gá ṣì ń ṣàlàyé nígbà tí ọmọ kan tí kì í lanu sọ̀rọ̀ rárá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nídìí òṣùwọ̀n lọ́hùn-ún, tí àwọn yòókù dákẹ́ fún un. Màmá gbọ́wọ́ sókè sí ọ̀gá.

"Sà, ẹ dákẹ́ ná. Ọmọ yẹn ń sọ̀rọ̀."

Ó wá ké sí àbúrò tí kò lè wo ojú rẹ̀. "Sún mọ́bí."

"Màmá, kí ni kí n ṣe?"

"Má ṣe nǹkan kan. Mi ò mọ ìdáhùn ẹ̀, ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n. Jẹ́ ká gbọ́ wọn."